Láàárín Minneapolis àti Madison: Ta Ló Mọ Ilé Ṣọ́ Jù Lórí Yìnyín?

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún, nígbà tí òtútù bá ti wọ egungun ní ìpínlẹ̀ Minnesota lókè àríwá Amẹ́ríkà, àwọn adágún omi ibẹ̀, tí àwọn onílé fi ń yangàn pé wọ́n lé ní 10,000, a máa di gbagidi bí òkúta. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ a máa gba orí wọn kọjá, kì í ṣe àsọdùn. Bàbá á mú ṣọ́bìrì, á gbá yìnyín wẹ́wẹ́ tó bo ojú omi náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á fi bàtà onírin wọ ọmọ rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Ọmọ náà, ìbáà jẹ́ ọkùnrin, ìbáà jẹ́ obìnrin, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀pá gbá rọ́bà dúdú pẹlẹbẹ kan kiri. Họ́kì orí yìnyín ni wọ́n ń pe eré náà. Ipò tí bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ wà lọ́kàn àwọn èèyàn wa ni họ́kì wà lọ́kàn àwọn ará ibẹ̀.

Ní ìgboro Minneapolis, níbi tí odò Mississippi ti la ọgbà Yunifásítì Minnesota sí méjì, gbọ̀ngàn kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Ridder Arena. Ọdún 2002 ni wọ́n ṣí i, ìjókòó inú rẹ̀ sì tó bí 3,400. Gbọ̀ngàn náà kò tóbi púpọ̀, ṣùgbọ́n òun ni àkọ́kọ́ ní gbogbo Amẹ́ríkà tí wọ́n dìídì kọ́ fún họ́kì àwọn obìnrin yunifásítì. Gbọ̀ngàn ńlá ti àwọn ọkùnrin, tí wọ́n fi orúkọ Mariucci pè, wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ògiri fara ti ògiri. Àlejò tó bá ti Nàìjíríà wá lè fi ìdí kan yọ̀ nínú ọgbà yìí: ibẹ̀ ni Akuoma Omeoga ti sáré fún yunifásítì náà, kí òun, Ṣeun Adigun àti Ngozi Onwumere tó gbé àsíá Nàìjíríà lọ sí Òlíńpíìkì ìgbà òtútù ní Pyeongchang lọ́dún 2018, tí wọ́n wa ọkọ̀ olóje gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lórí yìnyín. Kò sí orílẹ̀-èdè Áfíríkà mìíràn tó dán irú eré náà wò ní Òlíńpíìkì ṣáájú wọn.

Ẹni mẹ́fà ní ń wọlé fún ẹgbẹ́ họ́kì kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan nínú wọn sì ni aṣọ́lé, ẹni tí àwọn ará ìgboro ń pè ní golikípà. Ilé tó ń ṣọ́ kò ju ẹsẹ̀ bàtà 6 lọ ní ìbú àti 4 ní gíga. Rọ́bà tí wọ́n ń gbá sí i kò ju ìǹṣì 3 ní fífẹ̀ àti ìǹṣì 1 ní nínípọn, wọ́n á sì ti fi í sínú ẹ̀rọ amóhun-tutù kí eré tó bẹ̀rẹ̀, kí ó má baà máa ta sókè sódò. Aṣọ́lé á di ìhámọ́ra bí ẹni ń lọ sójú ogun: ìbòjú onírin, ẹ̀wù àyà tó nípọn, tìmùtìmù gígùn ní ẹsẹ̀ méjèèjì, ìbọ̀wọ́ gbàgàdà kan tó fi ń hán rọ́bà, àti ọ̀pá ní ọwọ́ kejì. Bí rọ́bà bá ń bọ̀ nílẹ̀, á kúnlẹ̀ gbì, á na ẹsẹ̀ sọ́tùn-ún sósì bí ìyẹ́ labalábá. Aṣọ́lé bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ lè lo ìlàjì eré láìfọwọ́ kan bọ́ọ̀lù. Ti orí yìnyín kò mọ irú ìsinmi bẹ́ẹ̀, nítorí ní 60 ìṣẹ́jú eré, wọ́n lè gbá a sí i ní 20 ìgbà tàbí 30.

Obìnrin tó sọ Ridder di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká ni Noora Räty, ọmọ ìlú Espoo ní Finland. Kì í ṣe ọmọdé nínú iṣẹ́ náà nígbà tó dé Minneapolis ní 2009, nítorí ó ti ṣọ́lé fún orílẹ̀-èdè rẹ̀ ní Òlíńpíìkì 2006, nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 16. Ọdún mẹ́rin ló lò. Ó bá wọn gba ife-ẹ̀yẹ àwọn yunifásítì ní 2012, ó sì tún bá wọn gbà á ní 2013. Sáà kejì yìí ni kò kúrò lẹ́nu àwọn ará ìlú. Ìdíje 41 ni Minnesota gbá, 41 náà ni wọ́n borí. Wọn kò ta ọ̀mì, wọn kò pàdánù. Látìgbà tí ìdíje ife náà ti bẹ̀rẹ̀ fún àwọn obìnrin ní 2001, ẹgbẹ́ kankan kò ṣe irú rẹ̀ rí.

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bàjẹ́ o. Ní oṣù kẹta ọdún 2013, North Dakota wá bá wọn ní Ridder. Àkókò eré parí, ó di 2 sí 2. Wọ́n fi àfikún àkókò kan sí i, kò sí ẹni tó gbá a wọlé. Wọ́n fi èkejì sí i, bákan náà ni. Àárín àfikún kẹta ni Minnesota tó rí góòlù kan jẹ. Ó ti lé ní 100 ìṣẹ́jú tí Räty ti ń kúnlẹ̀ tó ń dìde nínú ìhámọ́ra náà, bí rọ́bà kan bá sì bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ìtàn sáà yẹn ì bá yí padà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tún fi àfikún àkókò borí Boston College, kí wọ́n tó na Boston University ní 6 sí 3 nínú àṣekágbá, lójú àwọn èèyàn wọn. Nígbà tí Räty kúrò, ìdíje 114 ló ti bá wọn borí, 43 sì ni èyí tí wọn kò ti jẹ góòlù kan ṣoṣo lára rẹ̀.

Bí ènìyàn bá sọ gbogbo èyí ní Madison, wọ́n á tẹ́tí gbọ́ tán, wọ́n á sì rẹ́rìn-ín.

Madison ni olú-ìlú ìpínlẹ̀ Wisconsin, bí wákàtí mẹ́rin ni ọkọ̀ fi ń dé ibẹ̀ láti Minneapolis. Ọ̀nà márosẹ̀ á gba orí odò Saint Croix sọdá ní Hudson, á kọjá ní Eau Claire, oko màlúù á sì tẹ̀ lé e lọ bí ilẹ̀ bí ẹní, nítorí wàrà àti wàràkàṣì ni Wisconsin fi lórúkọ. Nígbà òtútù, gbogbo rẹ̀ á funfun báláú, ojú ọ̀nà nìkan ni yóò dúdú. Ìlú náà wà lórí ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan láàárín adágún Mendota àti Monona, ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ sì dúró lókè láàárín méjèèjì bí adé. Níbẹ̀ ni LaBahn Arena wà, gbọ̀ngàn àwọn obìnrin tí wọ́n ṣí ní 2012, ìjókòó 2,273. Ó fara ti Kohl Center, ààfin ńlá tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 14 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2017, LaBahn kéré jù fún àwọn èrò, wọ́n kó ìdíje náà lọ sí Kohl Center, èèyàn 15,359 ló sì wọlé. Iye bẹ́ẹ̀ kò péjọ rí síbi họ́kì àwọn obìnrin yunifásítì títí di ọjọ́ náà.

Ann-Renée Desbiens ni aṣọ́lé Wisconsin ní sáà yẹn, ọmọ Clermont ní Québec, apá ibi tí wọ́n ti ń sọ Faransé ní Kánádà. Ẹ̀rù rẹ̀ ń ba iwájú àwọn alátakò. Ní sáà 2015 sí 2016 nìkan, ìdíje 21 ni wọn kò ti jẹ góòlù kankan lára rẹ̀. Nígbà tó fi máa ṣe tán, ó ti di 55, kò sì sí ọkùnrin tàbí obìnrin tó tó bẹ́ẹ̀ ṣáájú rẹ̀ nínú họ́kì yunifásítì ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ní 2017 ni wọ́n fún un ní àmì-ẹ̀yẹ Patty Kazmaier, èyí tí wọ́n ń fún obìnrin tó pegedé jù lọ́dún.

Ṣùgbọ́n kò gba ife rí. Minnesota ló lé wọn padà ní 2015, Minnesota náà ni ní 2016. Ní 2017 tí wọ́n wá dé àṣekágbá, Wisconsin ló gbá rọ́bà jù, síbẹ̀ Clarkson, láti ìlú kékeré Potsdam ní ìpínlẹ̀ New York, na wọn ní 3 sí 0. Yorùbá ní gbogbo ọjọ́ ni tolè, ọjọ́ kan ni toníhun. Ti aṣọ́lé yí padà sódì: gbogbo ọjọ́ ni toníhun, ọjọ́ kan péré ni tolè, ọjọ́ tí olè náà sì yàn ni wọ́n ń rántí.

Àríyànjiyàn ìlú méjèèjì ì bá dúró lórí Räty àti Desbiens bí kì í bá ṣe ẹni kẹta tó yọjú láti Boston, létí òkun ìlà-oòrùn. Aerin Frankel ti Northeastern kò ga ju ẹsẹ̀ bàtà 5 àti ìǹṣì 5 lọ, ó kéré sí ohun tí àwọn olùkọ́ eré ń wá lára aṣọ́lé. Òun náà gba Patty Kazmaier, ní 2021. Ní àṣekágbá ọdún náà ní Erie, Wisconsin ló pàdé. Wọ́n ti ta 1 sí 1 tí wọ́n fi wọ àfikún àkókò, ni Daryl Watts bá gbá rọ́bà láti ẹ̀yìn ilé, ó bá ara ọmọ ẹgbẹ́ Frankel kan, ó sì yí wọlé. Kí ni aṣọ́lé fẹ́ ṣe sí ìyẹn?

Bí wọ́n bá gbé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí ìwọ̀n, ní sáà kan tó dára gan-an fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, nínú rọ́bà 1,000, Frankel á mú 965, Desbiens á mú 960, Räty á mú 956. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹni àkọ́kọ́ àti ẹni ìkẹyìn kò ju rọ́bà 9 lọ. Ọ̀nà mìíràn ni kí wọ́n ka góòlù tí wọ́n ń jẹ lára wọn nínú ìdíje kan: Desbiens 0.76, Frankel 0.81, Räty 0.96. Níbí ni àwọn ará Madison ti máa ń pariwo. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ṣírò rẹ̀ dáadáa á rí i pé nǹkan bí rọ́bà 19 ni wọ́n ń gbá sí Desbiens nínú ìdíje kan, nígbà tí ti Räty tó 22, tí ti Frankel sì tó 23. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Àwọn ẹlẹ́yìn Wisconsin kì í jẹ́ kí ọ̀tá ráàyè dé ẹnu ọ̀nà. Ìṣírò náà kò sì lè sọ èyí tó rọrùn nínú rọ́bà náà àti èyí tí wọ́n gbá láàárín ẹsẹ̀ èrò tí aṣọ́lé kò rí nǹkan kan.

Ibi tó dára láti wò ni ọjọ́ tí kò sí odi níwájú aṣọ́lé mọ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2013, Räty wọ aṣọ Finland, ó pàdé Amẹ́ríkà ní Lake Placid. Ìgbà 58 ló mú rọ́bà, Finland sì borí ní 3 sí 1. Desbiens náà ní ọjọ́ tirẹ̀, ní Beijing ní oṣù kejì ọdún 2022, nínú àṣekágbá Òlíńpíìkì. Amẹ́ríkà gbá 40 sí i, ó mú 38, Kánádà gba góòlù olówó iyebíye ní 3 sí 2. Àwọn tó ń sọ pé ẹ̀yìn Wisconsin ló ń gbé e ró, ọjọ́ yẹn ló yẹ kí wọ́n panu mọ́. Síbẹ̀, bí ó bá jẹ́ ti ọdún yunifásítì nìkan, Räty ló yẹ kí a fi síwájú, nítorí ohun tí wọ́n gbé lé e lọ́wọ́ kò já bọ́ ní gbogbo sáà kan odindi. Àlàfo náà kò tóbi, ó sì ṣeé ṣe kí Frankel dín in kù sí i.

Èyí tó dunni ju àríyànjiyàn náà lọ ni ohun tó ń tẹ̀ lé ọjọ́ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde. Lẹ́yìn Òlíńpíìkì Sochi ní 2014, Räty kò rí líìgì obìnrin tó lè bọ́ ọ. Ẹgbẹ́ ọkùnrin ló lọ bá, Kiekko-Vantaa, ní ìpele kejì ní Finland. Desbiens, pẹ̀lú gbogbo 55 rẹ̀, pa họ́kì tì fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn 2018, ó gbájú mọ́ iṣẹ́ ìṣírò owó. Oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024 ni líìgì PWHL tó ń san owó oṣù tó bẹ̀rẹ̀. Desbiens bọ́ sí Montréal, Frankel sí Boston. Sáà Räty ní Ridder ti lé ní ọdún mẹ́wàá nígbà náà.

Ní Ridder, bí ìpele eré kan bá parí, ẹ̀rọ ńlá kan á wọlé, á máa yí po pápá jẹ́jẹ́, á máa da omi gbígbóná sílẹ̀, títí gbogbo ojú yìnyín á fi dán bíi dígí. Nígbà tí wọ́n bá padà dé, aṣọ́lé á lọ tààrà síwájú ilé rẹ̀, á fi irin bàtà họ ibẹ̀ lọ́tùn-ún, á họ ọ́ lósì, títí yóò fi rí ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ á dì mú.