Ìyẹ̀ Ọ̀pẹ Nínú Ẹrẹ̀

Lẹ́yìn ilé ìyá bàbá mi ní Ìkẹ́nnẹ́, bí a bá gba ọ̀nà tó lọ sí oko obì, ẹbu epo kan wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò lò mọ́. Kòtò fífẹ̀ tí wọ́n fi amọ̀ àti òkúta tẹ́ nínú ló kù, níbi tí àwọn obìnrin ti máa ń fi ẹsẹ̀ tẹ ẹyìn tí wọ́n ti sè. Èèpo èkùrọ́ pọ̀ nílẹ̀ ibẹ̀ débi pé ó máa ń dún lábẹ́ bàtà. Ìyá ọkọ ìyá àgbà ló fà á lé e lọ́wọ́.

Nígbà tí mo wà ní SS2, bàbá mi sọ fún wa ní pálọ̀ pé ẹbí ti fẹ́ ta ilẹ̀ náà, ẹni tó fẹ́ rà á yóò kọ́ ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀. Ìyá àgbà ní, "Ó dáa." Ó dìde, ó wọ yàrá lọ.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni tíṣà Bàólójì wa gbé òdòdó ọ̀pẹ wá sí kíláàsì. Ó gbọ̀n ọ́n sórí bébà, ìyẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú sì bọ́ sílẹ̀. Máíkírósíkóòpù kan ṣoṣo ló ń ṣiṣẹ́ nílé ẹ̀kọ́ wa, a sì tò sẹ́yìn rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ ra epo bẹntiróò. Tíṣà wa ní obìnrin ọmọ Yorùbá kan wà tó fi irú ìyẹ̀ yìí ṣe iṣẹ́ títí ó fi di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Ìbàdàn. Orúkọ rẹ̀ ni Margaret Adébísí Ṣówùnmí.

Awalẹ̀pìtàn ni wọ́n ń pe irú wọn. Èmi rò pé àwọn tó ń wá ère idẹ bíi ti Ifẹ̀ nìkan ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ nípa ewéko ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Ṣówùnmí kọ́ kí ó tó di pé ó ń bá àwọn awalẹ̀pìtàn ṣiṣẹ́, ẹrẹ̀ ló sì ń wò. Ìyẹ̀ òdòdó ní èèpo tó le gan-an. Bí ó bá rì sínú irà tí afẹ́fẹ́ kò dé, ó lè wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ẹgbẹ̀rún ọdún. Wọ́n á gbẹ́ ẹrẹ̀ náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọ́n á fi ásíìdì jó èyí tí kì í ṣe ìyẹ̀ kúrò, wọ́n á wá jókòó ti awò, wọ́n á máa kà á ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Kí èèyàn tó lè dá ti àtijọ́ mọ̀, ó gbọ́dọ̀ ti mọ ti òde òní. Ní 1973, ó tẹ iṣẹ́ kan jáde lórí ìyẹ̀ àwọn igi ilẹ̀ Nàìjíríà. Ó dà bí ẹni tó kọ́kọ́ kọ́ ojú gbogbo ará àdúgbò kí ó tó gbé fọ́tò àtijọ́ wò.

Nínú ẹrẹ̀ agbègbè Niger Delta, níbi tí odò Ọya ti ń wọ òkun, ó rí i pé ní nǹkan bí ọdún 2,800 sẹ́yìn, ìyẹ̀ ọ̀pẹ pọ̀ lójijì. Ọ̀pẹ kì í gbádùn abẹ́ igbó kìjikìji. Oòrùn ló fẹ́. Ta ló ṣí igbó sílẹ̀? Ó ní àgbẹ̀ ni, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn Current Anthropology ní 1985. Nígbà tí mo gbọ́ èyí, mo rántí bí wọ́n ṣe ń ṣán oko nílé wa: gbogbo igi ló ń lọ, ṣùgbọ́n wọ́n á dá ọ̀pẹ sí.

Àwọn onímọ̀ mìíràn ní kì í ṣe èèyàn, ọ̀gbẹlẹ̀ ló ṣí igbó náà. Ní 1999, òun fúnra rẹ̀ padà sórí ọ̀rọ̀ náà, ó tún un gbé yẹ̀ wò nínú ìwé mìíràn. Ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ràn rẹ̀ jù. Mo mọ àwọn àgbà tí wọn kì í padà sórí ìdáhùn tí wọ́n bá ti fún ni. Lẹ́yìn èyí, ó ṣiṣẹ́ lórí ẹrẹ̀ Ahanve, lápá Badagry, níbi tí àwọn igi etí òkun tí gbòǹgbò wọn ń dúró lórí omi ti pòórá ní nǹkan bí ọdún 3,100 sẹ́yìn.

Mo sọ fún bàbá mi pé iṣẹ́ tí mo fẹ́ kọ́ nìyẹn. Ó wò mí títí.

"Àwọn ẹgbẹ́ rẹ á máa wa ọkọ̀, ìwọ á máa wa ilẹ̀?"

N kò rí èsì fọ̀. Nọ́ọ̀sì ló fẹ́ kí n ṣe, n kò sì lè sọ pé kò mọ ohun tó ń sọ, nítorí owó ilé ẹ̀kọ́ mi wà lára ohun tí wọ́n fẹ́ fi owó ilẹ̀ náà san.

Ìyá àgbà ni mo lọ ròyìn fún. Ó rẹ́rìn-ín. "Ṣé dandan ni kí èèyàn lọ Yunifásítì kó tó mọ̀ pé àwa la dá ọ̀pẹ sí?" Lẹ́yìn náà ó dákẹ́. "Bí wọ́n bá wá kó ilẹ̀ ẹbu yẹn lọ ńkọ́? Kí ni wọ́n á fi mọ̀ pé a wà níbẹ̀?"

Mo gbé ìbéèrè rẹ̀ lọ bá tíṣà wa. Ó ní nínú ilẹ̀ gbígbẹ bíi tiwa, ìyẹ̀ lè má pẹ́, ṣùgbọ́n èèpo èkùrọ́ tí iná ti jó máa ń pẹ́ gan-an. Ó ní wọ́n rí irú rẹ̀ nínú ihò àpáta Bosumpra ní Gánà, ó ti wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ẹgbẹ̀rún ọdún. Ó tún ní Ọ̀jọ̀gbọ́n Ṣówùnmí kọ̀wé kan ní 1998 pé kí iṣẹ́ ìwalẹ̀pìtàn ní Áfíríkà má mọ sí inú ìwé nìkan, kí ó kan èèyàn. Ó yá mi ní téèpù.

Katakata yóò dé ní ọjọ́ Ajé. Ní ọjọ́ Sátidé, èmi àti ìyá àgbà lọ sí ẹbu náà. Ó di ẹnu téèpù mú, mo fà á. Mo ya kòtò náà sínú ìwé, mo ya ibi ààrò, mo bu èèpo èkùrọ́ tó ti di èédú sínú agolo Bournvita, mo kọ ọjọ́ sí i lára. Ìyá àgbà wá jókòó sórí òkúta, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ àwọn obìnrin tó ti tẹ ẹyìn níbẹ̀, èyí tó mọ̀ àti èyí tí ìyá ọkọ rẹ̀ sọ fún un. Orúkọ mọ́kànlá ni mo kọ. Àwọn méjì kan wà tí kò rántí orúkọ wọn, ó ń fi ọwọ́ lu itan.

Ní ìdájí ọjọ́ kejì, kí ẹnikẹ́ni tó jí, ó kan ilẹ̀kùn mi. Ó ti rántí ọ̀kan.