Ìmúpadàbọ̀sípò

Kíkà: Jòhánù 21:1-19, Gálátíà 6:1



Ìlú ojú irin ni Minna. Kí ogun ọdún 1914 tó bẹ̀rẹ̀ ni ojú irin tó ti Èkó wá ti pàdé èyí tó ti Bárò lọ sí Kánò níbí. Ọ̀nà yìí gbé ọ̀pọ̀ oníṣòwò Yorùbá dé Òkè Ọya. Àwọn Onítẹ̀bọmi láti Ògbómọ̀ṣọ́ wà nínú wọn, wọ́n sì gbé ìgbàgbọ́ wọn dání pẹ̀lú ọjà. Ṣùgbọ́n gbogbo wa la mọ̀ pé ìgbàgbọ́ lè tutù lẹ́yìn odi. Nílé, bí o kò bá wá sí ìsìn, àwọn ìyá ìjọ yóò ti kan ilẹ̀kùn rẹ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Lẹ́yìn odi, ọdún kan lè kọjá láìsí ẹni tó béèrè rẹ.

Bẹ́ẹ̀ ló rí fún arákùnrin kan ní àdúgbò wa. Akọrin ni nílé. Nígbà tó dé ìhín, ó ná owó àjọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìtìjú sì lé e kúrò láàárín àwọn ará. Ó san gbèsè náà tán, síbẹ̀ kò padà. Nígbà tí mo lọ kí i, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, mo mọ̀ pé Ọlọ́run ti dárí jì mí. Ẹ̀yin ńkọ́?”

Ìbéèrè yẹn kò jẹ́ kí n sùn. Ìdáríjì ń pa gbèsè rẹ́. Ìmúpadàbọ̀sípò ń dá ènìyàn padà sí àyè rẹ̀. Ẹ wo Pétérù. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná èédú ló ti sẹ́ Olúwa; lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná èédú mìíràn, létí òkun Tìbéríà, ni Olúwa ti bi í lẹ́ẹ̀mẹta bóyá ó fẹ́ràn òun. Oúnjẹ ló kọ́kọ́ fún un. Lẹ́yìn náà ló fi àwọn àgùntàn rẹ̀ lé e lọ́wọ́. Kì í ṣe àánú nìkan ni Pétérù rí gbà. Iṣẹ́ rẹ̀ náà padà sí i lọ́wọ́.

Pọ́ọ̀lù ní kí a fi ìwà tútù mú ẹni tó ṣubú bọ̀ sípò. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó lò níbẹ̀ ni Mátíù lò fún Jákọ́bù àti Jòhánù nígbà tí wọ́n ń tún àwọ̀n wọn ṣe. Ẹni tó bá ti rí àwọn apẹja Shiroro yóò mọ̀ ọ́n: apẹja kì í sọ àwọ̀n nù nítorí pé ó ya, kì í sì í fi ipá fà á. Ojú kọ̀ọ̀kan ló ń so, pẹ̀lú sùúrù, nítorí pé ó ṣì fẹ́ fi pẹja.

Arákùnrin wa ti padà wá. Ọ̀kan nínú àwọn tó ná owó wọn ló kọ́kọ́ sún fún un lórí àga. Olórí ẹgbẹ́ akọrin sì ti ń béèrè ìgbà tí yóò wá fún ìdánrawò orin.

Ìwọ tí o ti pẹ́ lẹ́yìn odi, ọ̀nà ilé kò dí. Ẹ̀yin tí ẹ sì wà nínú ìjọ, ta ni ẹ kò rí láti oṣù mẹ́ta? Ẹ pè é lónìí. Kí ẹ tó béèrè ìdí tí kò fi wá, ẹ béèrè bóyá ó ti jẹun.

Àdúrà: Olúwa, dá wa padà sọ́dọ̀ rẹ, kí o sì fún wa ní ọwọ́ tútù láti gba ara wa padà. Ní orúkọ Jésù. Àmín.