Ọ̀sẹ̀ Ooru Kan ní Greensburg, Ìlú Àárín Ọ̀dàn

Púpọ̀ nínú yín ni ó ní ọmọ, àbúrò tàbí ìbátan tí ó ń kàwé tàbí tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Bí a bá sì ti dárúkọ ilẹ̀ náà, New York, Houston àti Chicago ni ọkàn wa máa ń sáré lọ. Àmọ́ ilẹ̀ náà ní àárín, àárín ọ̀hún sì jẹ́ ọ̀dàn tí ó tẹ́ rẹrẹ títí dé ibi tí ojú kò tó mọ́. Ẹ jẹ́ kí a jọ lọ sí ìlú kékeré kan níbẹ̀, kí a sì lo ọ̀sẹ̀ kan ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà, nígbà tí ooru ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mú. Orúkọ ìlú náà ni Greensburg, ní ìpínlẹ̀ Kansas.

Bí ẹ bá sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ òfuurufú ní Wichita, ẹ ó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn lórí ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní 54, ẹ ó sì rìn tó nǹkan bí 175 kìlómítà. Igi kò pọ̀ lójú ọ̀nà. Àlìkámà ni yóò máa bá yín lọ lọ́tùn-ún lósì, èyí tí ó ti ń kúrò ní àwọ̀ ewé bọ̀ sí àwọ̀ wúrà. Kí ẹ tó rí ilé kankan ní ìlú náà, ẹ ó ti rí àká gíga tí wọ́n ń kó ọkà sí láti òkèèrè. Nígbà ìkànìyàn ọdún 2020, ènìyàn 740 péré ni wọ́n kà níbẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ girama kan ṣoṣo ní Ìbàdàn lè ní akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí ìlú náà fi ń yangàn ni kànga ńlá kan tí wọ́n fi ọwọ́ gbẹ́ ní ọdún 1887 sí 1888: jíjìn rẹ̀ tó mítà 33, fífẹ̀ rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà 10. Àwọn tí ó gbẹ́ irú kànga bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àwọn tí òjò pọ̀ fún. Èyí tí ń rọ̀ níbẹ̀ lọ́dún kò ju nǹkan bí ìdajì èyí tí ń rọ̀ ní Ìbàdàn lọ.

Ní irú ibẹ̀, bí ilẹ̀ bá mọ́, àsọtẹ́lẹ̀ ojú ọjọ́ ni àgbẹ̀ kọ́kọ́ ń bèèrè. Ilé iṣẹ́ ìjọba tí ń ṣọ́ ojú ọjọ́ ní ẹ̀ka kan ní Dodge City, nǹkan bí 70 kìlómítà sí ìwọ̀-oòrùn Greensburg, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń gbé e jáde. Ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀sẹ̀ kan ṣe àpẹẹrẹ, irú èyí tí ó wọ́pọ̀ ní àkókò náà. Ọjọ́ Ajé, 88, oòrùn yóò ràn, afẹ́fẹ́ yóò máa fẹ́ láti gúúsù. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 93. Ọjọ́rú, 97, afẹ́fẹ́ gúúsù yóò le sí i. Ọjọ́bọ̀, 100; ó ṣeé ṣe kí òjò àti àrá wáyé lálẹ́, ìdá 20 nínú 100. Ọjọ́ Jímọ̀, 100. Ìdá 40 nínú 100. Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 84, afẹ́fẹ́ yóò yí wá láti àríwá.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí dẹ́rù bà yín. Ìwọ̀n Farenháìtì ni àwọn ará Amẹ́ríkà ń lò. Ẹ yọ 32 kúrò, ẹ fi 5 sọ èyí tí ó kù di púpọ̀, kí ẹ sì fi 9 pín in. 100 tiwọn jẹ́ nǹkan bí 38 tiwa. Ẹnìkan lè wá sọ pé kí ni 38 jámọ́, nígbà tí ooru Sókótó àti Maidúgùri máa ń ju 40 lọ? Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹfà, oòrùn Greensburg máa ń yọ ní kété tí aago mẹ́fà àárọ̀ bá kọjá, kì í sì í wọ̀ títí di nǹkan bí aago mẹ́sàn-án alẹ́. Ẹni tí ó bá ti ilé wa lọ yóò dúró de Màgáríbì títí yóò fi sú u. Fún gbogbo wákàtí wọ̀nyí ni ilẹ̀ ń gba ooru sínú, tí afẹ́fẹ́ gúúsù sì ń fẹ́ láìsinmi. Kódà, nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú tán ni ó tún máa ń le sí i lókè. Afẹ́fẹ́ yìí ni ọ̀rọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí ẹ bá ti gbé Ìsẹ́yìn tàbí Ṣakí rí láàárín oṣù kẹta sí ìkẹrin, yóò tètè yé yín. Ẹ mọ bí afẹ́fẹ́ gbígbẹ láti aṣálẹ̀ ṣe máa ń pàdé afẹ́fẹ́ tútù láti òkun, tí ooru á mú títí ara kò ní gbà á mọ́, tí ìjì àkọ́rọ̀ òjò á sì dé lójijì ní ìrọ̀lẹ́, tí yóò ṣí páànù ilé. Ohun kan náà ni ó ń ṣẹlẹ̀ ní Kansas, àfi pé tiwọn tún pọ̀ ju tiwa lọ. Afẹ́fẹ́ olómi ń bọ̀ láti òkun tí ó wà lẹ́bàá Texas àti Mexico. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ ń bọ̀ láti ilẹ̀ gíga ìwọ̀-oòrùn, níhà New Mexico. Ẹ̀kẹta, èyí tí àwa kò ní, ni afẹ́fẹ́ tí ó tutù tí ń ti ìhà Kánádà sọ̀ kalẹ̀. Kò sí òkè kankan láàárín àríwá àti gúúsù tí yóò là wọ́n.

Ẹ wá fojú inú wo ìkòkò tí a dé pa lórí iná. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ gbígbóná kan máa ń tẹ́ sókè lórí afẹ́fẹ́ olómi náà, òun ni ìdérí. Láti ọjọ́ Ajé títí di Ọjọ́bọ̀ ni oòrùn ń se ohun tí ó wà lábẹ́ rẹ̀. Bí ìdérí bá dúró, oòrùn àti eruku nìkan ni a ó rí. Bí ó bá ṣí ní ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀, ìkùukùu tí a kò rí ní aago márùn-ún lè ga ju kìlómítà 12 lọ kí aago mẹ́fà tó lù. Ìdí nìyí tí "ìdá 20 nínú 100" fi máa ń tan àlejò jẹ. Ohun tí ó ń sọ ni pé, nínú irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ mẹ́wàá, méjì ni òjò yóò kan ibi tí ẹ dúró sí. Kò sọ bí òjò náà yóò ti le tó. Méjì yẹn lè mú yìnyín tí ó tóbi bí ẹyin adìyẹ wá.

Àgbẹ̀ àlìkámà mọ èyí dáadáa. Oṣù kẹsàn-án tàbí ìkẹwàá ni ó ti fọ́n irúgbìn náà, ó la ìgbà òtútù kọjá, oṣù kẹfà ni ìkórè rẹ̀. Bí ooru bá dé nígbà tí ọmọ ọkà ṣì rọ̀, afẹ́fẹ́ gbígbóná yóò mú kí ó hun jọ, kí ó sì fúyẹ́. Bí ọkà bá ti gbó, ooru kan náà di ọ̀rẹ́, nítorí ẹ̀rọ ìkórè kò fẹ́ ohun tútù, àwọn tí ń ṣọ́ àká kò sì fẹ́ ọkà tí omi inú rẹ̀ ju nǹkan bí ìdá 13 nínú 100 lọ. Àsọtẹ́lẹ̀ kan ṣoṣo, ẹnìkan ń yọ̀, aládùúgbò rẹ̀ ń dárò. Ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀ irú ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ ó rí iná ẹ̀rọ ìkórè tí ń lọ tí ń bọ̀ nínú oko títí di òru, nítorí yìnyín ọjọ́ Jímọ̀ lè lu oko kan mọ́lẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ó má fọwọ́ kan èyí tí ó wà ní òdìkejì ọ̀nà.

Ohun tí ó tún bani lẹ́rù ju yìnyín lọ ni ààjà ńlá tí wọ́n ń pè ní tọ̀nédò. Greensburg mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ Jímọ̀ ni, ọjọ́ kẹrin oṣù karùn-ún ọdún 2007, nǹkan bí aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú 45 lálẹ́. Èyí tí ó dé fẹ̀ tó kìlómítà 2.7, ó fẹ̀ ju ìlú náà fúnra rẹ̀ lọ, wọ́n sì ṣírò pé afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ sáré ju 320 kìlómítà lọ ní wákàtí kan. Nǹkan bí ìdá 95 nínú 100 ìlú náà ni ó wó. Àká ọkà náà dúró. Ó lé ní ènìyàn mẹ́wàá tí ó kú, ìbànújẹ́ ńlá sì ni; ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá rí àwòrán ohun tí ó kù nílẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ kejì yóò bèèrè ìdí tí kò fi jẹ́ ọgọ́rọ̀ọ̀rún. Ìdí rẹ̀ ni pé àwọn tí ń ṣọ́ ojú ọjọ́ ní Dodge City ti rí i, wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ tí ó le jù lọ kìlọ̀. Fèrè ìlú ti dún fún nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú kí ó tó wọlé. Àwọn ènìyàn sì sọ̀ kalẹ̀ sí yàrá abẹ́ ilẹ̀ wọn.

Nítorí náà, bí ọmọ yín bá ń gbé irú agbègbè yìí, ẹ bi í bóyá ó mọ ìyàtọ̀ láàárín ọ̀rọ̀ méjì tí yóò máa gbọ́. Bí wọ́n bá sọ pé watch, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ojú ọjọ́ ti gbà fún un, lórí ilẹ̀ tí ó fẹ̀, fún wákàtí mélòó kan: kí ó múra, kí ó má ṣe rìn jìnnà. Bí wọ́n bá sọ pé warning, a ti fojú rí i tàbí ẹ̀rọ ti rí i: kí ó sọ̀ kalẹ̀ sí abẹ́ ilẹ̀ lójú ẹsẹ̀, tàbí kí ó wọ yàrá kékeré tí ó wà láàárín ilé, tí kò ní fèrèsé. Ní tèmi, ìbéèrè nípa yàrá abẹ́ ilẹ̀ yẹ kí ó ṣáájú ìbéèrè nípa owó ilé.

Àwọn ará Greensburg tún ìlú wọn kọ́. Ìgbìmọ̀ ìlú pinnu pé ilé ìjọba tuntun gbọ́dọ̀ jẹ́ irú èyí tí kì í fi iná àti omi ṣòfò, wọ́n sì gbé ẹ̀rọ ńlá 10 kalẹ̀ lẹ́yìn ìlú, tí afẹ́fẹ́ ń yí láti pèsè iná mànàmáná. Ọ̀pọ̀ kò padà wá: ènìyàn 1,574 ni wọ́n kà ní ọdún 2000, ó di 777 ní ọdún 2010.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta ọ̀sẹ̀ tiwa, afẹ́fẹ́ ti yí wá láti àríwá, ojú ọ̀run mọ́ kedere, ara sì tu gbogbo ènìyàn. Àgbẹ̀ yóò wọ oko, yóò ya ṣírí àlìkámà kan, yóò fi eyín gé ọkà rẹ̀ láti mọ̀ bóyá ó ti gbẹ. Nígbà tí yóò fi padà sílé, àsọtẹ́lẹ̀ tuntun yóò ti jáde: ọjọ́ Ajé, 86, oòrùn yóò ràn, afẹ́fẹ́ yóò máa fẹ́ láti gúúsù.