Owó Orí Tí A Ń San ní Northampton

Ìwé kan wà tí ó máa ń wọlé tọ onílé àti ayálégbé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní nǹkan bí oṣù kẹta ọdún. Àwọn ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n wá kàwé kì í tètè mọ̀ ọ́n, nítorí òfin yọ akẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀ nínú rẹ̀. Ìgbà tí ọkọ mi parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní Northampton, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ni tiwa dé: owó orí káńsù. Mo jókòó ti ìwé náà bí ẹni tí ó ń tú ẹsẹ̀ Ifá. Iye tí ilé tí à ń gbé ì bá tà ní ọdún 1991, nígbà tí a kò tí ì bí èmi gan-an, ni wọ́n fi díwọ̀n ohun tí a óò san. Wọ́n wá pín owó náà lójú ìwé: èyí ni ti káńsù, èyí ni ti ọlọ́pàá, èyí ni ti panápaná, èyí ni a yà sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà.

Ní ìlú tí wọ́n bí mi sí, n kò rí i rí kí ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀wé sí bàbá mi láti ṣàlàyé ohun tí ó fi kọ́bọ̀ kan ṣe. Abuja ni owó wọn ti ń wá, ó ń gba ọwọ́ ìpínlẹ̀ kọjá, ohun tí ó bá sì ṣẹ́kù ni ará ìlú ń rí. Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ti dájọ́ ní ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 2024 pé kí owó náà máa lọ bá ìjọba ìbílẹ̀ tààrà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn.

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe pọ̀ mọ́ ìwé kíkọ ni ìtọ́jú àwọn arúgbó nínú ilé wọn. Ìyá kan wà ní abúlé kan lẹ́yìn ìlú, ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, tí mo máa ń lọ wẹ̀ láàárọ̀. Òun ni ó kọ́kọ́ la ọ̀rọ̀ náà yé mi. Ó ní, “Káńsù tí ò ń sanwó fún yìí, tuntun ni. Èyí tí ó wà tẹ́lẹ̀ ti kú. Gbèsè ló pa á.”

Northamptonshire County Council ni orúkọ olóògbé náà. Ìjọba àpapọ̀ ní London lè yáwó dí àlàfo ètò ìṣúná rẹ̀. Káńsù kò lè yáwó láti fi san owó oṣù. Abala 114 nínú òfin ìṣúná ìjọba ìbílẹ̀ ti ọdún 1988 pa á láṣẹ fún ẹni tí ó ń mójú tó owó káńsù pé, bí ó bá rí i pé ìnáwó fẹ́ ju owó tí ń wọlé lọ, kí ó fi ìwé kéde rẹ̀. Bí ìkéde náà bá ti jáde, ìnáwó tuntun dúró, àfi èyí tí òfin sọ di dandan. Ní oṣù kejì ọdún 2018, Northamptonshire kéde tirẹ̀. Ó ti tó nǹkan bí ogún ọdún tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ kẹ́yìn ní ilẹ̀ náà.

Ohun tí ó fà á kò ṣẹ̀yìn London pátá, nítorí owó ìrànwọ́ tí ń ti ibẹ̀ wá ti ń dínkù láti ọdún 2010, bẹ́ẹ̀ ni àwọn arúgbó àti àwọn ọmọ tí káńsù gbọ́dọ̀ tọ́jú ń pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n ọwọ́ àwọn ará ilé náà kò mọ́. Fún ọdún mélòó kan, wọn kò fi kún owó orí rárá. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2017, wọ́n sì ṣí oríléeṣẹ́ tuntun tí ó gbà wọ́n ní mílíọ̀nù 53 pọ́n-ùn. Yorùbá ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ti àwọn wọ̀nyí, wọ́n ti bu ẹwà sí i kí iná tó dé. Kí ọdún 2018 tó parí, wọ́n ti ta ilé náà, wọ́n sì di ayálégbé nínú rẹ̀. Ìkéde kejì ti jáde ní oṣù keje. Aṣọ kò bá Ọmọ́yẹ mọ́.

Nínú ilé ìkàwé 36, wọ́n ní àwọn kò lè gbọ́ bùkátà 21 mọ́. Ti ìyá yìí wà lára wọn. Àwọn ìdílé kan pe ẹjọ́, ilé ẹjọ́ gíga sì dájọ́ ní oṣù kẹjọ pé ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe ìpinnu náà kò bófin mu. Ìdájọ́ dára, ṣùgbọ́n kì í tẹ owó. Lónìí, àwọn ará abúlé fúnra wọn ni wọ́n ń ṣí ilé ìkàwé yẹn, láìgba owó oṣù.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti kàn mí gbọ̀ngbọ̀n nìyí. Ìtọ́jú arúgbó jẹ́ dandan lójú òfin, òun ni ó sì ń gbé ìpín tó pọ̀ jù mì nínú owó káńsù. Òótọ́ ni pé òfin kan wà láti ọdún 1964 tí ó ní kí ìlú ní ilé ìkàwé tó péye, ṣùgbọ́n kò sọ iye tí ó gbọ́dọ̀ jẹ́. Nítorí náà, owó tí ì bá ṣí ilé ìkàwé ìyá yìí ni ó ń san mí láti wá wẹ̀ ẹ́. Mo sọ èyí fún un ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan. Ó dákẹ́ títí mo fi fọ ọṣẹ kúrò ní ẹ̀yìn rẹ̀ tán, ó wá ní: “Méjèèjì ni mo nílò. Nígbà tí wọ́n ń kọ́ ilé ńlá yẹn, wọn kò ní kí n yan ọ̀kan.”

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún 2021, wọ́n pa káńsù náà rẹ́, wọ́n fi méjì dípò rẹ̀: West Northamptonshire àti North Northamptonshire. Orúkọ ni ó yí padà. Arúgbó kò dínkù. Káńsù kò sì lè fi ju ìdá 4.99 nínú ọgọ́rùn-ún kún owó orí lọ́dún láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ gbé e síwájú aráàlú láti dìbò sí i, tàbí kí London yọ̀ǹda. Gbogbo ìgbà òtútù ni wọ́n ń gbé àbá ìṣúná síta, tí wọ́n ń bèèrè èrò ará ìlú. Níbi òde ìkómọ àti lẹ́yìn ìsìn, ẹnu wa kì í sinmi lórí kòtò ojú títì àti pàǹtírí tí wọn kò kó. Ṣùgbọ́n ta ni ó dáhùn ìbéèrè wọn? Ọkọ mi ní kí ni tèmi nínú ọ̀ràn òyìnbó, ṣebí a kò ní ìwé ìrìnnà wọn.

Ohun tí ọ̀pọ̀ wa kò mọ̀ nìyẹn. Ọmọ Nàìjíríà tí ó ti pé ọdún 18, tí ó ní ìwé ìgbélùú tó bófin mu, lè dìbò níbí, nítorí Nàìjíríà wà nínú àjọ Commonwealth. Kí ó sáà ti forúkọ sílẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ pàápàá wà níbẹ̀. Àwọn ìyá wa kò ní irú àǹfààní yìí ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1947, nígbà tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti kó àwọn obìnrin jáde. Wọ́n ń gba owó orí lọ́wọ́ wọn, obìnrin kan kò sì sí níbi tí wọ́n ti ń pinnu ohun tí wọn yóò fi ṣe. Wọn kò dákẹ́ títí Aláké fi kúrò lórí ìtẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 1949. Tiwa kò tilẹ̀ gba ìjà. Fọ́ọ̀mù orí íntánẹ́ẹ̀tì ni, kò gbà mí ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún ọdún 2025, a dìbò yan àwọn káńsẹ́lọ̀ West Northamptonshire. Ìwé ìrìnnà Nàìjíríà tí mo mú wọ̀lú ni mo fi hàn wọ́n. Òṣìṣẹ́ tí ó jókòó níbẹ̀ gbìyànjú orúkọ mi lẹ́ẹ̀mejì, ó rẹ́rìn-ín, ó sì na ìwé ìdìbò sí mi. Ìyá arúgbó ti fi lẹ́tà dìbò tirẹ̀ ṣáájú ọjọ́ náà. Kò sọ ẹni tí ó dì í fún, èmi náà kò sì bi í.