Igi Ìdáná Toussaint

Ẹni tó bá lọ ṣe fàájì ní La Cluse-et-Mijoux kò ní wá ohun tí yóò wò tì. Abúlé kékeré ni, lórí òkè Jura ní ìlà-oòrùn ilẹ̀ Faransé, kò sì jìnnà sí ẹnubodè Switzerland. Adágún Saint-Point wà nítòsí, tí omi rẹ̀ máa ń dì nígbà òtútù débi pé àwọn èèyàn ń rìn lórí rẹ̀. Métabief wà fún àwọn tó fẹ́ràn eré orí yìnyín. Igbó wà lọ súà, ipa ẹsẹ̀ sì gba inú rẹ̀ kọjá. Odi Joux wá jókòó sórí àpáta, ó ń wo ọ̀nà tó gba àárín òkè méjì lọ sí Switzerland. Láyé àtijọ́, àwọn olúwa Joux kì í jẹ́ kí oníṣòwò kọjá níbẹ̀ láìsan owó ibodè.

Gbogbo èyí dára. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ igi ìdáná kan ti há mi lọ́fun láti ìgbà tí mo ti ka The Black Jacobins, ìwé tí C. L. R. James, ọmọ Trinidad, gbé jáde ní 1938. Ó sọ níbẹ̀ pé nígbà tí òtútù mú, ńṣe ni wọ́n dín igi ìdáná Toussaint Louverture kù nínú túbú Joux. Ọ̀rọ̀ náà kò gùn, kíá ni James kọjá lọ sórí nǹkan mìíràn. Èmi ni n kò rí i gbé mì. Mo mọ̀ pé wọ́n máa ń fi oúnjẹ du ẹlẹ́wọ̀n, mo mọ̀ pé wọ́n máa ń bọ́ aṣọ iyì lára rẹ̀. Ti igi ló yà mí lẹ́nu, nítorí pé kò sí ohun tó pọ̀ lágbègbè yẹn tó igi.

N kò ní sọ ìtàn Toussaint láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹrú tó di ọ̀gágun ni, ọ̀gágun tó di gómìnà Saint-Domingue, ilẹ̀ tó di Haiti. Ìtàn ìdílé wọn sọ pé ọmọ ọba Allada ni bàbá rẹ̀, ère rẹ̀ sì wà ní Allada, ní Benin, títí di òní. Kí Dàhọ̀mì tó gba Allada ní 1724, àwọn ẹlẹ́ṣin Ọ̀yọ́ ti kọ́kọ́ fojú ìlú náà rí màbo ní 1698. Lẹ́yìn náà ni oko ìrèké kan náà ní Saint-Domingue gba ọmọ ẹni tó ṣẹ́gun àti ọmọ ẹni tí wọ́n ṣẹ́gun. Nago ni wọ́n ń pe àwọn ará wa tí wọ́n kó débẹ̀. Orúkọ yẹn kò parẹ́ nínú ẹ̀sìn Vodou, Ògún náà kò sì parẹ́.

Ní ìparí 1801, Napoleon rán Leclerc, ọkọ àbúrò rẹ̀, lọ sí Saint-Domingue pẹ̀lú ọmọ ogun rẹpẹtẹ. Ní oṣù kẹfà 1802, wọ́n fi ìpàdé tan Toussaint, wọ́n sì dè é. Ọkọ̀ ojú omi gbé e dé Brest, létí òkun ní ìwọ̀-oòrùn Faransé, láti ibẹ̀ ni wọ́n sì ti gbé e la ilẹ̀ náà já dé Joux ní oṣù kẹjọ. Ó dà bíi pé ibi tó jìnnà sí òkun ni wọ́n dìídì wá, kí ọkọ̀ kankan má bàa wá gbé e lọ.

Joux ti gbàlejò ẹlẹ́wọ̀n tó lórúkọ rí. Mirabeau, tó di gbajúmọ̀ olóṣèlú Faransé lẹ́yìn náà, wà lára wọn: bàbá rẹ̀ ló ní kí wọ́n tì í mọ́bẹ̀ ní 1775, síbẹ̀ wọ́n ń jẹ́ kí Mirabeau sọ̀ kalẹ̀ lọ jayé ní Pontarlier. Níbẹ̀ ló ti pàdé Sophie, ìyàwó oníyàwó, tí àwọn méjèèjì sì jọ sá lọ. Kleist, òǹkọ̀wé ará Jámánì, ṣẹ̀wọ̀n níbẹ̀ ní 1807. Ìtàn Berthe náà wà, ìyàwó olúwa odi tí ọkọ rẹ̀ ti ojú ogun dé bá lọ́dọ̀ ọkùnrin mìíràn.

Yàrá tí wọ́n fi Toussaint sí kò tíì wó. Òkúta ni ògiri, òkúta ni àjà, omi sì ń ṣẹ́ jáde lára òkúta náà. Ààrò kan wà lára ògiri. Iwájú rẹ̀ ni mo dúró sí títí tí afinimọ̀nà fi ní ká máa bọ̀. Nítòsí ààrò yẹn ni wọ́n bá òkú rẹ̀ ní ọjọ́ 7 oṣù kẹrin 1803: ó jókòó lórí àga, ó gbé orí ti ògiri ibi ìdáná. Kò tíì pé oṣù mẹ́jọ tó dé. Òtútù ibẹ̀ kì í ṣe irú ti ọyẹ́ tí a ń fi kíjìpá lé lọ. Ní Mouthe, abúlé kan ní agbègbè náà, wọ́n ti ka òtútù tó já sí ìwọ̀n 36.7 lábẹ́ òdo rí, ní oṣù kìíní 1968.

Mo sọ pé igi pọ̀ níbẹ̀. Igi tí wọ́n ń pè ní épicéa, ìbátan páìnì, ló gba gbogbo òkè. Àwọn ilé àgbẹ̀ àtijọ́ ní yàrá kan láàárín gbùngbùn ilé tó ń jẹ́ tuyé. Yàrá náà fúnra rẹ̀ ni ihò èéfín: pákó ni wọ́n fi kọ́ ọ, ó fẹ̀ nísàlẹ̀, ó ń há bó ṣe ń ga, títí yóò fi yọ sókè òrùlé. Èèyàn lè dúró nínú rẹ̀ kó gbójú sókè, kó rí itan ẹlẹ́dẹ̀ àti sọ́séèjì Morteau tó rọ̀ dirodiro nínú èéfín, kó sì rí ojú ọ̀run níwọ̀nba lókè téńté. Pákó épicéa ni wọ́n ń to wàràkàṣì Comté lé títí yóò fi gbó. Awọ inú èèpo rẹ̀ ni wọ́n ń bó tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ láti fi di wàràkàṣì Mont d'Or lámùrè, kó má bàa ṣàn dànù, òórùn igi á sì wọnú wàrà náà. Ní Saint-Antoine, odi ológun kan tí wọ́n kọ́ lẹ́yìn ogun 1870 ti di ilé wàràkàṣì láti 1966, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló wà lórí pákó níbẹ̀. Nígbà tí mo rí pákó wọ̀nyẹn, inú mi bàjẹ́ ju bó ṣe bàjẹ́ nínú túbú lọ.

Nítorí náà, àìsí igi kọ́. Kò tíì pẹ́ tí àwọn ẹlẹ́wọ̀n kan tó jẹ́ alátìlẹ́yìn ọba sá lọ ní Joux nígbà tí wọ́n gbé Toussaint dé, ẹ̀rù sì ń ba Baille, olórí odi, pé èyí náà lè bọ́ mọ́ òun lọ́wọ́. Paris ló ń pàṣẹ, Paris kò sì gbọ́ òtútù náà. Ní oṣù kẹsàn-án, Napoleon rán ọ̀gágun rẹ̀ kan, Caffarelli, wá bi Toussaint nípa ìṣúra tí wọ́n ní ó rì mọ́lẹ̀, àmọ́ ọwọ́ òfo ni Caffarelli fi padà. Wọ́n gba Mars Plaisir, ìránṣẹ́ rẹ̀, kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. James gbà pé ńṣe ni wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fẹ́ kí òtútù àti ebi pa á. Mo fara mọ́ ọn. Ohun tó ń dà mí láàmú ni bí irú ikú bẹ́ẹ̀ ṣe rọrùn tó láti ṣètò. Ẹnì kan dín iye kan kù nínú ìwé, ẹlòmíràn gbé igi tó kéré sí ti àná gun òkè wá, kálukú sì sùn lálẹ́ bí ẹni tó ṣiṣẹ́ rẹ̀ dáadáa. Bóyá bó ṣe rí nìyẹn, bóyá ó tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ.

N kò lè kọ nípa àgbègbè yìí kí n má sọ ti odò Doubs. Mouthe ló ti ṣẹ̀, ó gba adágún Saint-Point, ó gba ìtòsí odi Joux, ó wọ Pontarlier. Lẹ́yìn náà ló wá ń ṣe bí ẹni tó ṣìnà: ó kọrí sí àríwá, ó di ààlà fún Faransé àti Switzerland, ó yà wọ Switzerland, ó tún padà wálé. Ó rin nǹkan bíi kìlómítà 450 kó tó dà sínú Saône, bẹ́ẹ̀ ní ọ̀nà tààrà, nǹkan bíi 90 péré ni ibẹ̀ sí orísun rẹ̀. Ní Ouhans, bíi kìlómítà 15 sí Pontarlier, odò mìíràn tó ń jẹ́ Loue ń rọ́ jáde láti inú ihò àpáta ńlá, ó sì ti di odò kó tó rí oòrùn. Courbet, ayàwòrán ọmọ Ornans, ya ihò yẹn léraléra, ṣùgbọ́n ibi tí omi náà ti ń wá kò hàn sí ẹnikẹ́ni.

Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹjọ 1901, àrá sán lu ilé iṣẹ́ Pernod ní Pontarlier, níbi tí wọ́n ti ń ṣe absinthe, ọtí líle aláwọ̀ ewé tí ewé kíkorò wà nínú rẹ̀. Iná sọ. Kí àwọn táǹkì má bàa bú gbàmù, òṣìṣẹ́ kan ṣí wọn, ọtí sì ṣàn lọ sínú Doubs. Lẹ́yìn nǹkan bí ọjọ́ méjì, òórùn absinthe gba ẹnu ihò Loue kan. Bí àṣírí ṣe tú nìyẹn: omi Doubs ń jò sínú ilẹ̀ nítòsí Pontarlier, ó ń gba abẹ́ òkè, ó sì ń yọ ní Ouhans ní orúkọ mìíràn. Ní 1910, Martel, ọ̀gá nínú ìmọ̀ ihò abẹ́ ilẹ̀, da aró sínú Doubs, aró náà sì yọ ní Loue. Mo fẹ́ràn ìtàn yìí ju gbogbo ohun tí wọ́n fi ń pe àlejò wá síbẹ̀ lọ. Pernod dá ilé iṣẹ́ yẹn sílẹ̀ ní 1805, ọdún méjì péré lẹ́yìn ikú Toussaint. Òun náà kò lè ṣiṣẹ́ láìsí igi ìdáná.

Inú ilé ìjọsìn odi ni wọ́n sin Toussaint sí. Nígbà tó kù díẹ̀ kó di 1880, àwọn ológun bẹ̀rẹ̀ sí tún odi náà kọ́, ilé ìjọsìn lọ sí i, egungun rẹ̀ sì pòórá mọ́ àwókù. Erùpẹ̀ Joux ni Faransé rí kó fún Haiti ní 1983. Ní 1998, wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sára ògiri Panthéon ní Paris.

Ní Franche-Comté, ẹkùn kan náà tí Joux wà, ni Champagney wà, ní ẹsẹ̀ òkè Vosges. Ní oṣù kẹta 1789, ọba ní kí ìlú kọ̀ọ̀kan kọ ẹ̀dùn ọkàn rẹ̀ ránṣẹ́. Àwọn ará Champagney kọ ìnira tiwọn, wọ́n sì fi abala 29 bẹ ọba nítorí àwọn aláwọ̀ dúdú tó wà lóko ẹrú, pé kó mú ìyà yẹn kúrò lórí wọn. Wọ́n ní ọmọ ìlú náà kan tó jẹ́ ọ̀gá ológun, Jacques-Antoine Priqueler, ló ròyìn ohun tójú àwọn ẹrú ń rí fún wọn. Wọ́n tún ní àwòrán kan nínú ṣọ́ọ̀ṣì wọn, níbi tí ọ̀kan nínú àwọn amòye mẹ́ta ti jẹ́ adúláwọ̀, wà lára ohun tó mú àánú ṣe wọ́n. Ilé ìrántí kan ti wà níbẹ̀ láti 1971.

Ọdún mẹ́tàlá lẹ́yìn ìwé yẹn ni kẹ̀kẹ́ ẹṣin gbé Toussaint wọ ẹkùn wọn. Púpọ̀ nínú àwọn tó fọwọ́ sí i á ṣì wà láyé. Àwòrán ṣọ́ọ̀ṣì yẹn ni mo fẹ́ lọ wò báyìí, kí n fojú ara mi rí i bóyá ẹni tó yà á ti rí adúláwọ̀ rí, àbí ó kàn fọkàn yà á. Tó bá jẹ́ pé ó kàn fọkàn yà á ni, a jẹ́ pé ohun tí àwọn ará Champagney ṣe tún ga ju bí mo ṣe rò lọ.