Ìkòkò Ti Kún: Ṣé Ká Pín In, àbí Ká Ṣí I?

Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi, ọ̀pọ̀ nínú wa tó ń tọ́mọ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ní ọ́kíìdì kan lójú fèrèsé. Wọ́n fi ta wá lọ́rẹ ni, tàbí a rí i ní súpámákẹ́ẹ̀tì, a rà á. Èyí tó wà nílé wa ni wọ́n ń pè ní Cymbidium. Ewé rẹ̀ gùn tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì máa ń tanná nígbà tí òtútù bá ń kásẹ̀ nílẹ̀. Ó ti kún ìkòkò rẹ̀ dẹ́nu. Àwọn kókó ìdí rẹ̀ fún mọ́ra débi pé ìkòkò oníke náà ti wú lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, gbòǹgbò sì ti ń yọrí nísàlẹ̀. Ó di dandan ká wá nǹkan ṣe sí i. Ṣé ká pín in sí méjì ni, àbí ká ṣí i lódindi sínú ìkòkò tó fi díẹ̀ tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ?

Mo gbà pé irú ìpinnu báyìí wà lára ẹ̀kọ́ ilé, ó sì yẹ kó ṣojú àwọn ọmọ. Ọ̀pọ̀ ohun tá à ń pinnu nínú ilé, àbájáde rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń gbọ́. A ní "rárá", ó parí. Wọn ò rí ohun tá a gbé yẹ̀ wò, wọn ò sì mọ bí a ti ṣe débẹ̀. Bí wọ́n bá wá dàgbà, tí wọ́n ń fi ìbínú tàbí ojú àánú nìkan ṣe ìpinnu, ẹnu á máa yà wá.

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi ti sọ fún olùkọ́ rẹ̀ pé òun á mú ìdajì òdòdó náà wá fún un. Ọmọ tó lawọ́ ni, inú mi sì ń dùn sí i. Àbúrò rẹ̀, Àjàní, ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án rárá. Ọ̀rọ̀ wọn le bí ọ̀rọ̀ ogún, bẹ́ẹ̀ kò sí èyí tó tíì wo ìdí òdòdó náà nínú àwọn méjèèjì.

Lọ́dọ̀ àwọn òbí wa nílé, ta ní ń ro irú èyí lẹ́ẹ̀mejì? Ẹni tó bá fẹ́ ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ á ní kí wọ́n wa ọ̀kan fóun. Wọ́n á fi ọkọ́ yà á lára ìyá rẹ̀, á gbé e lọ, ìyá ò ní mọ̀ ọ́n lára, ọmọ á sì hù níbi tó bá dé. Cymbidium ò gbà bẹ́ẹ̀. Inú àwọn kókó wọ̀nyẹn ló ń fi omi àti oúnjẹ pa mọ́ sí, àwọn tó ti dàgbà níbẹ̀ ló sì ń bọ́ èèhù tuntun. Bí a bá pín in wẹ́wẹ́, ó lè má kú, ṣùgbọ́n ó lè tó ọdún méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ kó tó tún tanná. Ìdí nìyí tí àwọn tó mọ̀ ọ́n gbìn kì í fi í fẹ́ kí kókó eléwé inú ìpín kan dín ní mẹ́ta.

Ààyè tó há fúnra rẹ̀ kì í sì í yọ ọ́ lẹ́nu púpọ̀. Ó máa ń tanná dáadáa nínú ìkòkò tó fún un. Èèpo igi páìnì tí a fi gbìn ín ló ń dá wàhálà sílẹ̀. Láàárín ọdún méjì sí mẹ́ta, èèpo yẹn á ti jẹrà, á rọ̀, á máa gba omi dúró, gbòǹgbò ò sì ní rí atẹ́gùn mọ́. Orí igi àti àpáta ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìran rẹ̀ ń gbé lórí àwọn òkè Éṣíà. Gbòǹgbò tó mọ atẹ́gùn báyẹn, inú ẹrẹ̀ kọ́ ni ibùgbé rẹ̀.

Nígbà tí òdòdó rẹ̀ rẹ̀ dànù lóṣù kẹrin, a tẹ́ ìwé ìròyìn sórí tábìlì, mo gbá ìkòkò náà lẹ́gbẹ̀ẹ́, mo sì fà á yọ. Mo ní kí wọ́n fọwọ́ tẹ gbòǹgbò. Èyí tó wà láàyè funfun, ó sì le. Èyí tó ti kú pọ́n ràkọ̀ràkọ̀; nígbà tí Àjàní fà á, èèpo ara rẹ̀ bọ́ sí i lọ́wọ́, ó wá ku okùn tín-ín-rín kan ṣoṣo láàárín. Ó fa òmíràn, ó tún fa òmíràn, títí ó fi mọ òkú yàtọ̀ sí alààyè láìjẹ́ pé mo sọ fún un.

Àbẹ̀kẹ́ ló ka kókó. Márùn-ún léwé, mẹ́ta ò léwé mọ́. Ó tún un kà. "Dádì, èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù yìí ńkọ́?" Mo ní èèhù tí kò tíì ní kókó tirẹ̀, ẹlòmíràn ló ṣì ń bọ́ ọ. Ó mọ̀ pé márùn-ún kò ṣeé pín sí mẹ́ta-mẹ́ta. Ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì. Mi ò sì yára tù ú nínú, nítorí mo fẹ́ kó mọ̀ pé òdòdó náà ló dá wa lóhùn, kì í ṣe èmi.

Àjàní fẹ́ ju àwọn tí kò léwé nù, ó ní wọ́n ti kú. Mo ní kó tẹ̀ wọ́n wò. Èyí tó wà létí pátápátá ṣì le, kò hunjọ. Irú rẹ̀ ṣì lè hù bí a bá fi í sínú èèpo tó tutù díẹ̀, níbi tí oòrùn ò ti ní pa á. Mo yan ọ̀bẹ lórí iná gáàsì kí n tó gé e, nítorí àrùn fáírọ́ọ̀sì Cymbidium máa ń bá oje ara rẹ̀ lẹ́nu ọ̀bẹ kọjá sí òmíràn, kò sì sí oògùn tó ń wò ó.

Kókó kan yẹn ni Àbẹ̀kẹ́ mú lọ fún olùkọ́ rẹ̀. Ó fẹ́ kí n kọ lẹ́tà tì í. Mo kọ̀. Mo ní màá bá a dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwé, ṣùgbọ́n òun ló máa fẹnu ara rẹ̀ sọ pé kì í ṣe ìdajì, pé kò léwé, pé ó lè tó ọdún mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ kó tó tanná. Ó sọ gbogbo rẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi kan tí òun náà ń tọ́mọ níbí ní mo ṣì í ṣe. Ó ní ìlérí, gbèsè ni. Ó yẹ kí n jẹ́ kọ́mọ san án pé. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ wúwo lọ́kàn mi. Ká ní kókó eléwé mẹ́fà ló wà níbẹ̀ ni, ǹ bá là á sí méjì, bí a ò tiẹ̀ ní rí òdòdó lọ́dún tó ń bọ̀, nítorí ọrẹ tí kò ná wa ní nǹkan kan, kí ló fi kọ́ ọmọ? Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí ọmọ mi rò pé torí ẹnu òun ti jáde, ohun alààyè ló máa jìyà rẹ̀.

Ìyókù, a ṣí i sínú ìkòkò tí ààyè inú rẹ̀ kò ju ìdàgbàsókè ọdún méjì lọ. Ìkòkò ńlá á kàn gba omi pamọ́ ni. Lóṣù kẹfà, yóò bọ́ síta, nítorí òtútù òru ìparí ẹ̀ẹ̀rùn ló ń jẹ́ kó yọ òdòdó. A ó gbé e wọlé kí yìnyín tó bẹ̀rẹ̀. Àjàní ti ń béèrè bóyá òun náà lè ṣèlérí rẹ̀ fún ẹnì kan. Mo ní kó dúró di ìgbà tí a bá tún tú u jáde, ká kọ́kọ́ kà á ná.