Kí Ló Wà Lórí Òkè Yìí?



Ní oṣù kẹjọ ọdọọdún, nítòsí àjọ̀dún Ìgbàsókè Maria Mímọ́ sí Ọ̀run, ọ̀pọ̀ nínú wa a máa lọ sí Ìdáàṣà fún ìrìn àjò mímọ́. A óò wọ ọkọ̀, a óò kọrin, a óò gbàdúrà níwájú ihò àpáta Arigbo, a óò sì padà sílé. Ohun rere ni. Ṣùgbọ́n ìlú náà ńkọ́? Àwa mélòó ló ti gbójú sókè wò ó?

Ìdáàṣà wà ní nǹkan bí 200 kìlómítà sí àríwá Kútọnù, lójú ọ̀nà Párákú. Ẹni tó bá ti ìhà òkun wá, ilẹ̀ títẹ́jú ni yóò máa rí, oko ẹ̀gẹ́ àti oko àgbàdo. Lójijì, àpáta ńláńlá yóò yọ láti inú ilẹ̀, wọn a dúdú bí ẹ̀yìn erin lẹ́yìn òjò. Ọ̀kan kò tíì tán tí òmíràn fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní òkè 41 ni wọ́n. Ọmọ tó bá fẹ́ mọ̀ dájú, kí ó máa kà wọ́n láti ojú fèrèsé ọkọ̀.

Ọmọ náà yóò sì béèrè pé: “Bàbá, kí ló wà lórí òkè yìí?” Ọ̀pọ̀ nínú wa a máa dáhùn pé: “Dákẹ́, jẹ́ ká sinmi.” Bẹ́ẹ̀ ni ìdáhùn wà. Ní ayé ogun, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Dàhòmì ń kó ènìyàn lẹ́rú, orí òkè wọ̀nyí ni àwọn baba ńlá àwọn ará Ìdáàṣà sá sí. Àpáta tí kò ṣeé ro di odi ìlú fún wọn. Ẹ fojú inú wo ìyá tó pọn ọmọ, tó ru omi, tó ń gun òkúta yíyọ̀ yẹn lójoojúmọ́. Omi ọbẹ̀ lásán ló ń gbé lọ, ṣùgbọ́n nítorí pé ó gùn ún, ìdílé rẹ̀ kò parun. Nígbà tí ogun rọ̀, wọ́n sọ̀kalẹ̀ wá tẹ̀dó. Ní ọdún 1954, ọdún tí Póòpù Pius Kejìlá yà sọ́tọ̀ fún Maria, tí Louis Parisot jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù wa, ihò àpáta Arigbo di ibi àdúrà láàrin àwọn òkè ìsádi náà. Ní ọdún 1995, Ìdáàṣà di ìjókòó bíṣọ́ọ̀bù.

Títí dòní àpáta yẹn ń bọ́ ènìyàn. Ní àgbègbè náà, àwọn obìnrin a máa fọ́ òkúta sí wẹ́wẹ́ fún àwọn tó ń kọ́lé. Iṣẹ́ líle ni, a kò sì gbọdọ̀ pe ìyà ní adùn. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ òkúta a máa wo ibi tó ti fẹ́ là kí ó tó gbé òòlù. Ní ìrọ̀lẹ́, bí òkìtì bá ga dé orúnkún, a dìde dúró wò ó, ọkàn rẹ̀ a sì balẹ̀ díẹ̀: ọwọ́ òun ló ṣe é.

Oríṣi ìwádìí méjì ló wà. Èkíní ni tojúbọ̀: ta ló wọ ilé lágbájá, kí ni wọ́n sè? Èyí a máa da àdúgbò rú. Èkejì ni ìfẹ́ láti mọ ohun tí Ọlọ́run dá àti ohun tí àwọn baba wa là kọjá. Èyí ni kí a fi tọ́ ọmọ. Ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Àwọn ọ̀dọ́ wa ń wí pé kò sí nǹkan kan nílé, pé Kútọnù tàbí Èkó ni ayé wà. Ta ló fi ohun tó wà nílé hàn wọ́n?

Ẹ rántí Sákéù nínú Ìyìn Rere Lúùkù Mímọ́. Ó fẹ́ rí Jésù, ó kúrú, èrò pọ̀. Ọlọ́rọ̀ ni, síbẹ̀ kò tijú láti gun igi. Ṣùgbọ́n Olúwa kò bá a ṣe àlejò lórí igi. Ó ní kí ó sọ̀kalẹ̀ kíákíá, nítorí ilé rẹ̀ ni òun óò wọ̀ sí. Gígùn ló jẹ́ kí ó rí Olúwa; ilé ni ayọ̀ ti bá a, níbi tó ti ṣèlérí láti san ohun tó rẹ́ jẹ padà ní ìlọ́po mẹ́rin.

Nítorí náà, nígbà ìrìn àjò tó ń bọ̀, ẹ dá ọmọ lóhùn. Bí ẹ kò bá mọ̀, ẹ jọ lọ béèrè lọ́wọ́ àgbà ìlú, kí ẹ má sì gun òkè kankan láìgba àṣẹ onílẹ̀. Ẹni tí kò lè lọ, kí ó wo ìtòsí: ará Kétu ń kọjá lẹ́nu Àkàbà Ìdènà, ará Ṣábẹ̀ẹ́ ń jí lábẹ́ àpáta tirẹ̀. Lálẹ́, kí àdúrà tó bẹ̀rẹ̀, ẹ bi ọmọ kọ̀ọ̀kan pé: “Kí ni o rí lónìí tí o kò rí rí? Iṣẹ́ wo ló le, báwo lo sì ṣe ṣe é?” Kí bàbá àti ìyá náà dáhùn. Lẹ́yìn náà, kí gbogbo ilé dúpẹ́.

Kí Maria Mímọ́, ẹni tó yára lọ sí ilẹ̀ olókè láti kí Èlísábẹ́tì, tó sì padà sí ilé rẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, kọ́ wa bí a ti ń gun òkè àti bí a ti ń sọ̀ ọ́. Àmín.